Bátìrì Tí Bọ̀ọ̀dá Ọdúntán Fi Sílẹ̀ Nínú Bàálù

                                                                Lẹ́yìn Ọjà Àtàkúmọ̀sà,
                                                                Iléṣà,
                                                                Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                                                24 Oṣù Kejì, 2025.

Bushrah ọ̀rẹ́ mi, ìwọ tí o sàn fún mi ju ẹ̀gbọ́n lọ,

Ṣé dáadáa ni o wà? Gbogbo ará ilé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ńkọ́? Alàájà ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Awwal àbúrò rẹ ńkọ́, ṣé ibà náà ti fi í sílẹ̀ pátápátá? Mo mọ̀ pé ẹ ti ń múra ààwẹ̀ sílẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú àlàáfíà, kí ẹ sì jẹ ọdún rẹ̀ láìku ẹnì kan. Ní tiwa níhìn-ín, Nehemiah ọkọ mi wà, ó ní kí n kí ọ. Ìwàlẹwà ọmọ wa náà wà, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti jábọ́, kò sì dákẹ́ ọ̀rọ̀ síbẹ̀.

O ó ti máa bi ara rẹ pé kí ló gbé mi mì tí o kò fi rí mi lórí pápá tí a ti ń gbé bàálù kékeré wa fò ní Òṣogbo, tí fóònù mi kò sì lọ. Inú iyanrìn ni fóònù náà já sí, a fi ṣọ́bìrì gún un lójú, kò sì jí mọ́. Bí ó bá tilẹ̀ wà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Wá ibì kan jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ bọ̀ọ̀dá mi Ọdúntán ni, àkọ́bí Màámi. O ti rí i rí. Òun ni ó wọ kóòtù onírun níbi ìgbéyàwó mi nínú oòrùn ọ̀sán gangan, tí ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé òtútù ti mọ́ òun lára. Àgbà ni, ó sì yẹ kí n máa fi “wọ́n” pè é. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un ti jóná pọ̀ mọ́ àga Màámi, nítorí náà “ó” ni mo máa pè é títí ìwé yìí yóò fi parí.

Nígbà tí ó dé láti ìlú òyìnbó ní Oṣù Kejìlá, ó gbé bàálù onírimóòtù kan bọ̀ nínú páálí tó gùn ju pósí lọ. Bàálù náà rẹwà, n kò ní purọ́. Funfun ni, wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí etí apá rẹ̀, apá ọ̀hún sì fẹ̀ débi pé kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé àfi tí a bá dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé ọkọ̀ òfuurufú wà nílé wa. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé e fún àwọn àgbà ìjọ wò níkọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n ń gbé ọmọ tuntun jó. Ó wá ṣèlérí pé lọ́jọ́ tí ìjọ wa bá ń ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún, òun yóò fi bàálù náà fa aṣọ gígùn kan tí a kọ “Ebenésérì” sí, yóò sì fà á kọjá lókè orí gbogbo ìjọ. Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ ìdárayá.

Bushrah, láti ọjọ́ náà ni a kò ti sinmi mọ́. Tí mo bá kí i pé, “Ẹ káàárọ̀, bọ̀ọ̀dá,” á ní, “Alága ni kí o máa pè mí.” Nínú ilé tí wọ́n ti ń nu ìdí fún un!

Ó gbé bàálù náà fò lẹ́ẹ̀kan péré, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, lórí pápá iléèwé tó wà lẹ́yìn ilé Màámi. Kò burú. Ó gbéra, ó yí po, ó balẹ̀, àwọn ènìyàn hó yèè. Ó gbé e padà wọlé, ó gbé e lé orí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀ Màámi, lábẹ́ páànù tí oòrùn ń dín láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bátìrì wà nínú ikùn bàálù náà. Wáyà rẹ̀ ṣì wà níbi tí ó so ó mọ́. Ibẹ̀ ni ó fi í sí ní gbogbo oṣù àkọ́kọ́ ọdún, kò sì bojú wẹ̀yìn wò ó.

Èmi ni mo rí i nígbà tí mo gbé oúnjẹ lọ fún Màámi. Mo ti sọ fún ọ pé Màámi ṣubú ní balùwẹ̀ nígbà Kérésìmesì, eegun ẹsẹ̀ wọn kán, wọ́n sì fi símẹ́ǹtì ọsibítù dì í títí dé itan. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà, nínú yàrá tó ṣí sí pálọ̀ náà gan-an. Wọn kò lè dìde láìsí ẹni tí yóò gbé wọn. Mo pe bọ̀ọ̀dá mi, mo sì kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, kó má baà ní mo rí òun fín.

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ bátìrì yìí kúrò nínú bàálù.”

Ó ní, “Kí ló ṣe é?”

Mo wá sọ gbogbo ohun tí ìwọ fúnra rẹ ti tẹ̀ mọ́ wa létí ní pápá. Mo ní bí a kò bá ní fò fún ìgbà díẹ̀, a kì í fi bátìrì sínú bàálù. A máa ń yọ ọ́, a máa ń jẹ́ kí iná inú rẹ̀ wà ní ìdajì tàbí kó fi díẹ̀ lé ní ìdajì, kó má kún, kó má sì gbẹ. A ó wá kó o sí ibi tó tutù, nínú àpótí irin tí iná kò lè jó. Mo ní wáyà tó wà lára rẹ̀ yẹn, ńṣe ni bàálù yóò máa fi mu iná inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Tó bá sì ti gbẹ tán, òkú ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní òun fẹ́ jí i.

Ó rẹ́rìn-ín. O mọ ẹ̀rín rẹ̀, èyí tó máa ń gba imú jáde. Ó ní, “Phebe, inú ìkòkò ọbẹ̀ wo lo ti rí ìyẹn?”

Mo ní Bushrah ló kọ́ mi.

Ó ní, “Bushrah wo? Ọmọ Alàájà aláṣọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun? Ẹ̀yin obìnrin méjì tí ẹ ń fi bàálù fóòmù ṣeré lórí pápá ni ẹ fẹ́ kọ́ mi? Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ni mo ti rà á wá.”

Ó wù mí kí n sọ fún un pé ẹni tó ra dùùrù kò tíì di olórin. Mo gbé e mì. Mo na ọwọ́ sí bàálù náà kí n yọ bátìrì fúnra mi, ló bá gbá mi lọ́wọ́. Èmi, ìyá ọmọ, ìyàwó ẹni! Ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan òun ní ilé yìí yóò rí ojú òun. Màámi pè mí láti inú yàrá. Wọ́n ní, “Phebe, fi í lẹ̀. Alága ni.” N kò mọ̀ nígbà náà bóyá wọ́n ń gbè é ni tàbí wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín.

Àfi bí ọjọ́ àjọ̀dún ṣe ku ọ̀la. Alága wá rántí pé òun ní bàálù. Ó ṣí ikùn rẹ̀, ó rí i pé bátìrì ti wú bí ìrọ̀rí. Ohun tí Màámi rí láti orí bẹ́ẹ̀dì wọn ni mo ń sọ fún ọ yìí, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ó so ó mọ́ ṣájà rẹ̀, ṣájà kọ̀ ọ́, ó ń ké kíì-kíì-kíì. Ó yọ ọ́, ó tún un so, ṣájà tún ké. Ẹ̀rọ tí kò ní ọpọlọ ń sọ fún ọmọ ènìyàn pé nǹkan yìí ti kú, má ṣe é! Màámi ní, “Ọdúntán, kí ló ń ké bẹ́ẹ̀ yẹn?” Ó ní, “Ẹ má dá a lóhùn, ó ń ṣagídí ni.” Ó wá yí ṣájà náà sí ti irú bátìrì mìíràn tí kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí, kí ó má baà mọ ohun tí wọ́n so mọ́ ọn. Bushrah, ó tan ṣájà jẹ! Ṣájà sì dákẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ iná sínú òkú.

Kò tilẹ̀ yọ ọ́ kúrò nínú bàálù. Ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga tìmùtìmù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì, ó sì jáde. Ṣé o mọ ibi tó lọ? Ó lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kí ó lọ pa ewú orí rẹ̀ láró, nítorí àwọn tí yóò ya á ní fọ́tò lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀sán ni mo dé, mo gbé ìkókoré lọ́wọ́ fún Màámi. Láti ojúde ni mo ti gbọ́ òórùn kan tó dùn lọ́nà tí kò dára, bí èso tó ti ń rà. Ẹ̀rù bà mí kí n tó mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Mo wọlé, mo rí èéfín funfun tó ń yọ lára bàálù náà pẹ̀lú ariwo ṣíì, kò sì pẹ́ tí iná fi bẹ́ jáde, gbùúrù, ó gbé kọ́tìnì, ó gbé tìmùtìmù. Màámi ń ké nínú yàrá. Iná wà láàárín èmi àti ìyá mi.

Mo pariwo “Ẹ gbà mí o!” Nọ́síràtù tó ń ta búlọ́ọ̀kù níwájú ilé wa ló kọ́kọ́ dé. Obìnrin tó sanra ni, o lè rò pé kò lè sáré. Irọ́ ni. Ó bu iyanrìn sí páànù ńlá, ó sáré wọlé, ó dà á lé bàálù náà lórí, ó ní kí n bu òmíràn wá. Mo fi ìborùn dí imú, èmi náà bu, mo dà á. Ibẹ̀ ni fóònù mi já sí. Nígbà tí iná orí àga rọlẹ̀ díẹ̀, Nọ́síràtù gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá wọ yàrá. Kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti bẹ̀rẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì, ó fa Màámi sẹ́yìn rẹ̀, ó pọ̀n wọ́n jáde bí ọmọ ọwọ́. Ẹsẹ̀ onísímẹ́ǹtì náà yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọnrangandan. Màámi ń wú ikọ́, wọ́n sì ń pariwo pé, “Àwòrán mi! Ẹ bá mi mú àwòrán mi!”

Àwòrán ìgbéyàwó wọn àti Bàámi ni, èyí tó wà lórí ògiri lókè àga yẹn. Òun nìkan ni wọ́n ní. Mo padà, ṣùgbọ́n gíláàsì ti fọ́, ìwé inú rẹ̀ ti ká kò bí ewé gbígbẹ. Ojú Bàámi ti lọ.

Àwọn ará àdúgbò ti dé, wọ́n ń da omi, wọ́n ń da iyanrìn, títí gbogbo rẹ̀ fi kú. Àjà pálọ̀ jóná, àga jóná, ògiri di dúdú, ṣùgbọ́n ilé dúró. A gbé Màámi sórí ẹní níwájú ìsọ̀ Nọ́síràtù. A ṣì ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn nígbà tí Alága dé, aṣọ onígbàjámọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, aró dúdú ń ṣàn lẹ́bàá etí rẹ̀. Ó wo ilé. Ó wo àwa. Ìyá rẹ̀ wà nílẹ̀ lójú rẹ̀ báyìí.

Ó ní, “Bàálù mi ńkọ́?”

N kò ní parọ́ mọ́ ọn, Bushrah. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Nọ́síràtù wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó pòṣé, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

O rò pé ó parí síbẹ̀? Ó kọ́kọ́ ní iná ìjọba ló ṣẹ́jú. A ní kò sí iná ìjọba láti àná, sólà rẹ̀ ni ó so ó mọ́. Ó ní bí kì í bá ṣe iná ìjọba, a jẹ́ pé ọwọ́ ayé ni. Ó ní àwọn kan ní Iléṣà kò fẹ́ kí orúkọ òun gòkè lókè ṣọ́ọ̀ṣì. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó ti kó àwọn aládùúrà wá sínú pálọ̀ tó ṣì ń rùn, kí wọ́n wá lé ọ̀tá. Bàbá Ọlọ́rundáre, àgbà ìjọ wa, ni olórí wọn, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ọdúntán dúró níwájú gbogbo wọn, ó di Bíbélì mú, ó ń jó ìjó ogun lórí eérú àga ìyá rẹ̀. Ó ń ké pé, “Ọ̀tá ilé baba mi, fara hàn!”

A ti gbé Màámi jókòó sẹ́nu ọ̀nà lórí àga tí a yá. Màámi na ọwọ́ sókè. Àdúrà dákẹ́.

Màámi ní, “Bàbá Ọlọ́rundáre, ẹ má lọ jìnnà. Ọ̀tá náà ló di Bíbélì mú níwájú yín un.”

Bọ̀ọ̀dá mi ní, “Màámi, ẹ̀fín ti wọ̀ yín lórí.”

Wọ́n ní, “Ọdúntán, ta ló so nǹkan tó wú mọ́ iná?”

Ó ṣí Bíbélì bí ẹni tó ń wá ẹsẹ kan.

“Nígbà tó ń ké, ta ló ní kí n má dá a lóhùn?”

Ó wo ilẹ̀.

“Phebe kúnlẹ̀ níbí yìí, ó bẹ̀ ọ́ pé kí o yọ ọ́. Ta ló gbá a lọ́wọ́?”

Ẹnu rẹ̀ mì lọ́nà tí mo fi rántí ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Ó ní, “Èmi ni.” Ohùn rẹ̀ kéré débi pé Bàbá Ọlọ́rundáre ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Baba náà rọra gba Bíbélì lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa á dé, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí a lọ múra fún ọ̀la.” Gbogbo wọn jáde. Mo rò pé inú mi yóò dùn, Bushrah, ó sì dùn díẹ̀.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, àárín igi ọ̀pẹ méjì ni wọ́n so aṣọ Ebenésérì mọ́. Atẹ́gùn fẹ́ ẹ, ó ń ṣe yẹ́riyẹ̀ri, ojú sì rí i dáadáa. Kò sí ẹni tó béèrè bàálù. Alága jókòó lẹ́yìn pátápátá, irun rẹ̀ dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, ewú sì ti jókòó síbẹ̀ lápá òsì níbi tí onígbàjámọ̀ kò parí.

Màámi wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Ikọ́ náà ti ń lọ, dókítà sì ní ẹsẹ̀ kò bàjẹ́ ju bí ó ṣe wà lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ padà sílé wọn tí káfíńtà bá ti kan àjà tán. Wọ́n ní “ulé òun” ni òun fẹ́ kú sí, nígbà tí àsìkò bá tó, kì í ṣe ilé ọkọ ọmọ òun. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn kò gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn ọ́ nìyí. Bàálù mìíràn ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, o kà á dáadáa. Ọdúntán ti sọ fún àwọn tó wà lọ́hùn-ún kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́. Nígbà tí Màámi gbọ́, wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó wá, ó dọ̀bálẹ̀, wọn kò ní kó dìde. Wọ́n ní kò sí bátìrì kankan tí yóò wọ ilé àwọn mọ́ àfi tí ó bá kọ́kọ́ lọ sí Òṣogbo, kí ó lọ bá ọmọ Alàájà, kí ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan náà. Wọ́n ní ìgbà tí Bushrah bá sọ lẹ́nu ara rẹ̀ pé ó ti mọ̀ ọ́n ni àwọn yóò gbà. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ó ní, “Mo gbọ́, Màámi.”

Sátidé tó ń bọ̀ ló máa dé ọ̀dọ̀ rẹ. Má pè é ní Alága. Jẹ́ kó jókòó sórí àpótí ìdáná, kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ bí ọmọ iléèwé. Bó bá ní “ní ìlú òyìnbó,” dá a dúró. Bó bá fi imú rẹ́rìn-ín, lé e jáde, kó tún padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Bó bá fẹ́ fi owó ọkọ̀ ṣe àwáwí, sọ fún un pé láti Iléṣà dé Òkè Fìà ní Òṣogbo kò jìnnà.

Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀sín, kọ́ ọ. Kọ́ ọ títí yóò fi wọ̀ ọ́ létí. Jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ bátìrì, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín iná rẹ̀ kù, kó tì í sínú àpótí irin, kó sì tún un ṣe lójú rẹ títí ọkàn rẹ yóò fi balẹ̀. Inú ilé tí yóò gbé e padà sí ni ìyá mi yóò máa sùn.

Bá mi kí Alàájà, kí wọ́n má gbàgbé mi nínú àdúà ààwẹ̀ wọn. Kí Awwal fún mi. Nọ́síràtù ní kí n kí ọ, ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tí ó ti mọ ewu bátìrì náà kí ó tó ṣẹlẹ̀.

Èmi tí inú ṣì ń bí, tí mo sì ń fẹ́ràn rẹ lọ́jọ́ gbogbo,

                                                                Phebe